Omi bóhóòlù wa ní Àkúrẹ́ mọ́ gaara, ṣé ẹ mọ ohun tó bá a wá látinú òkúta?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún gbẹ́ bóhóòlù kan ládùúgbò wa níbí ní Ìjọ̀kà, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún rèé lórí títì kan ṣoṣo tí kò gùn rárá. Ẹ̀rọ yẹn pariwo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú, eruku bíi eérú bo gbogbo aṣọ tí wọ́n sá, ìgbà tí omi wá tú sókè gbogbo wa hó yèè, ọ̀gá tó ń gbẹ́ ẹ fọwọ́ bu omi, ó tọ́ ọ wò, ó ní "Omi yìí dáa gan-an, kò níyọ̀, kò ní ìpẹtà, ẹ máa mu ún lọ." Báálé ilé dúpẹ́, wọ́n pín mínírà, ó tán. Màmá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni ò rántí béèrè. Wọ́n ní, "Ṣé ahọ́n náà lẹ fi mọ̀ pé omi dáa?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ náà. Ahọ́n mọ iyọ̀, imú mọ omi tó ń rùn, àmọ́ àwọn nǹkan olóró bíi òjé (lead), arsenic, uranium, kò sí èyí tí ahọ́n lè mọ̀ nínú wọn ní ìwọ̀n tó ti lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, wọn ò láwọ̀, wọn ò lóòórùn, wọn ò dùn, wọn ò korò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlú tí omi ẹ̀rọ ò ti yọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ìlú wa, ẹni tó bá ti lówó díẹ̀ á gbẹ́ tiẹ̀, ẹni tí kò lówó á lọ pọn ní tàwọn tó gbẹ́, gbogbo wa la jọ ń mu ohun tó wá látinú òkúta lábẹ́ ilẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí àwọn nǹkan redióáktíìfù àtàwọn irin olóró ṣe máa ń rìn nínú ilẹ̀, nínú omi, nínú afẹ́fẹ́, títí wọ́n fi ń dé ara èèyàn, torí odindi ẹ̀kọ́ ni, àwọn kan ń fi ọjọ́ ayé wọn kọ́ ọ, ó sì kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Orí òkúta ni wá. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí, tó ti gba àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn lọ sókè, mọ ohun tí mò ń sọ. Irú àpáta yẹn ló gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa níbí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbẹ́ kànga fi máa ń gbẹ́ ẹ títí wọ́n á kan òkúta, tí wọ́n á ní ó kù sọ́wọ́ ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é ní granite, gneiss, charnockite, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Kò sí granite kan láyé tí kò ní uranium díẹ̀ àti thorium díẹ̀ nínú, àti irú potassium kan tí wọ́n ń pè ní potassium-40. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kankan ló dà á síbẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá òkúta náà nìyẹn.

Tí wọ́n bá ní nǹkan jẹ́ redióáktíìfù, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ò fara balẹ̀, ó ń tú ká, bó ṣe ń tú ká ló ń ta ìtànṣán tí ojú ò rí, tó sì ń di nǹkan mìíràn. Ọkùnrin ará Faransé kan, Henri Becquerel, ló kọ́kọ́ rí i ní 1896, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń wọn ọ́n dòní: becquerel kan ni átọ́ọ̀mù kan tó tú ká láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Tí a bá kó gbogbo ilẹ̀ ayé pọ̀, kílò iyẹ̀pẹ̀ kan máa ń ní nǹkan bíi becquerel 35 ti uranium, 30 ti thorium, àti 400 ti potassium-40. Ara àgbàlagbà kan gan-an ní nǹkan bíi becquerel 4,000 ti potassium-40 nínú, torí ara ò lè ṣe kó má ní potassium, inú ẹ̀wà ló wà, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè pé "ṣé redióáktíìfù wà nílẹ̀ wa?" kò tíì béèrè ohun tó yẹ. Ó wà. Ìbéèrè tó yẹ ni pé èwo ló wà níbẹ̀, ṣé ó ń rìn àbí ó dúró sójú kan, kí ló ń gbé e, ọ̀nà wo ló sì máa gbà wọ ara wa.

Ẹ wo uranium. Nínú òkúta, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ lè jókòó sórí àpáta Ìdànrè látàárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ tí omi tó ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú bá ń gba inú òkúta tó ti sán kọjá, uranium á yọ́, á bá omi lọ. Tí omi náà bá wá dé ibi tí ọ́síjìn ò sí, bíi ibi irà tí ewé ti jẹrà, uranium yìí kan náà á tún dì, á jókòó síbẹ̀. Thorium ní tiẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ yọ́ nínú omi rárá, ibi tẹ́ ẹ bá fi í sí lẹ máa bá a. Àwọn méjèèjì jọ wá látinú òkúta kan náà o, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ arìnrìn-àjò, èkejì ò kúrò nílé. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé gan-an nìyẹn, kéèyàn mọ ìwà oníkálukú wọn.

Uranium tó bá wọ ara, kíndìnrín ló máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu, òun gan-an ló sì jẹ́ kí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 30 lọ nínú lítà omi kan (ẹ pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni máíkírógíráàmù). Ti òjé ò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ, ti arsenic náà 10, ti cadmium, irin olóró mìíràn, 3.

Uranium náà kì í kú bọ̀rọ̀, ó máa gbà tó bílíọ̀nù 4.5 ọdún kí ìdajì ẹ̀ tó tú ká tán. Ara ohun tó ń dà lójú ọ̀nà ni radium, radium á sì di radon. Radon yìí ló yẹ ká fara balẹ̀ gbọ́ nípa ẹ̀, torí pé gáàsì ni. Àwọn yòókù, irin ni wọ́n, omi tàbí eruku ló gbọ́dọ̀ gbé wọn, àmọ́ radon á yọ́ gba inú ihò òkúta, á gba inú iyẹ̀pẹ̀, á gba ibi tí símẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ ilé ti sán, á wọ inú yàrá, kò sì ní òórùn kankan tẹ́ ẹ máa fi mọ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ dáadáa, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló fẹ́ràn. Ọjọ́ mẹ́ta ó lé díẹ̀, ìyẹn 3.8, ni ìdajì ẹ̀ fi ń tú ká, àwọn ọmọ tó sì ń bí á lẹ̀ mọ́ eruku, èèyàn á fà á símú, á dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn sìgá, radon ló tún ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù láyé. WHO ní tó bá ti ju becquerel 100 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó gba ibùú mítà kan, òró mítà kan, gíga mítà kan, ó yẹ kéèyàn wá nǹkan ṣe sí i.

Ilé àwọn bàbá wa ò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, fèrèsé onígi ni, atẹ́gùn ń wọlé ń jáde ṣáá. Ilé tí à ń kọ́ báyìí ni mò ń ronú nípa ẹ̀, ilé tí wọ́n ti fi pí-ó-pì dí gbogbo òkè, tí wọ́n ti fèrèsé pa tọ̀sán tòru torí ẹ̀rọ amúlétutù, tí wọ́n sì gbé e lé orí òkúta gangan. Ẹ máa ṣí fèrèsé, jọ̀ọ́, pàápàá yàrá tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀.

Ó ku ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ara wa àti ewéko ò mọ orúkọ, ìrísí ni wọ́n ń wò. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí lóde ìnáwó, àwọn tó ń gbé oúnjẹ ò mọ ẹbí lọ títí, aṣọ ẹbí ni wọ́n ń wò, ẹni tó bá ti wọ aṣọ yẹn wọ́n á gbé ìrẹsì àti ẹran fún un, ì báà má mọ ìyàwó, ì báà má mọ ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni caesium tó jẹ́ redióáktíìfù ṣe wọ aṣọ ẹbí potassium, gbòǹgbò koríko á fà á mu, ẹran ara á gbà á. Strontium, radium àti òjé wọ aṣọ ẹbí calcium, inú eegun ni wọ́n máa gbé wọn lọ. Cadmium wọ aṣọ ẹbí zinc, ó wọlé sínú ewé, ó wọlé sínú kíndìnrín, tó bá sì ti débẹ̀ kò ní jáde fún bí ọdún 10 sí 30.

Ibi tí wọ́n ti rí èyí kedere jù ni lẹ́yìn ìjàǹbá ilé iṣẹ́ iná átọ́ọ̀mù ní Chernobyl, ní Ukraine, ní 26 oṣù kẹrin 1986. Iodine-131 tó tú jáde níbẹ̀, ọjọ́ 8 péré ni ìdajì ẹ̀ fi ń lọ, èèyàn lè sọ pé kò ní pẹ́ tán, àmọ́ ó bọ́ sórí koríko, màlúù jẹ koríko, àwọn ọmọdé mu wàrà màlúù, ẹran kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ gògóńgò tí wọ́n ń pè ní thyroid kó iodine náà jọ torí oúnjẹ ẹ̀ ni, àwọn tó lé ní 6,000 nínú àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ló ní jẹjẹrẹ ibẹ̀ nígbà tó yá. Ó gbá lọ kíákíá, ó sì ti ṣiṣẹ́ ibi ẹ̀ tán. Caesium-137 ní tiẹ̀, 30 ọdún ni. Òjò rọ̀ ọ́ sílẹ̀ títí dé orí òkè ní Wales, nílẹ̀ Britain, ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ ewé jíjẹrà tí kò ní amọ̀ tó lè di caesium mú, koríko ń fà á, àgùntàn ń jẹ ẹ́, ó di ọdún 2012 kí wọ́n tó gbà kí gbogbo àwọn olóko ibẹ̀ máa ta àgùntàn wọn láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún 26 gbáko! Bẹ́ẹ̀ àwọn ibòmíràn tí caesium bọ́ sí, tí irú amọ̀ tó ń dì í mú wà, ilẹ̀ ti di í mọ́ra, koríko ò rí i fà. Caesium kan náà ni, ilẹ̀ ló yàtọ̀.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ní 13 oṣù kejì 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ wọn wò ní Reggane nínú aṣálẹ̀ Sahara, ní Algeria, wọ́n tún ṣe òmíràn lẹ́yìn ẹ̀, ìjọba Nàìjíríà bínú débi pé ní oṣù kìíní 1961 wọ́n lé aṣojú Faransé kúrò nílùú. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn wa nígbà náà ni ọyẹ́, torí ibẹ̀ náà ni eruku ọyẹ́ ti ń wá. Ní oṣù kejì 2021, eruku Sahara fẹ́ dé ilẹ̀ Faransé fúnra ẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, caesium-137 wà níbẹ̀, kò pọ̀ tó ohun tó máa ṣe èèyàn ní nǹkan kan, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí òjé, torí òun gan-an ló ń ká mi lára jù, ju uranium lọ, ju radon lọ. Òjé kì í rìn jìnnà nínú ilẹ̀. Tó bá ti bọ́ sílẹ̀, ó máa lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ òkè, ibi tí ọmọ ti ń rákò gan-an, á sì wà níbẹ̀ títí. Ọmọdé sì máa ń gba òjé sára ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju àgbà lọ tí wọ́n bá gbé iye kan náà mì, ọmọ tí oúnjẹ ẹ̀ ò ní ìrọn àti calcium tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́. Kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n lè ní kò séwu níbẹ̀. Eegun ló ń fi pamọ́ sí, tí ọmọbìnrin náà bá wá dàgbà, tó lóyún, tí oyún ń fa calcium nínú eegun ẹ̀, òjé àtijọ́ á bá a jáde, á lọ bá ọmọ inú.

Gbogbo wa rántí Zamfara ní 2010. Wọ́n ń gbé òkúta wúrà wálé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́ nínú ọgbà níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, òkúta wúrà náà kún fún òjé, àwọn ọmọ tó lé ní 400 ló kú láwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé irú òjé tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀. Òòrùn àti òjò ti sọ ọ́ di irú èyí tó tètè ń yọ́ tó bá kan omi inú ikùn. Ká ní ó ṣì wà bíi ti tẹ́lẹ̀, tó ń dán bíi dígí, kò ní tètè yọ́ bẹ́ẹ̀.

Òjé tó ń dán bíi dígí yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ tiróò tí wọ́n ń tà lọ́jà, òun náà ni, òkúta òjé tí wọ́n lọ̀ kúnná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn ìyá wa, èmi náà, wọ́n lé tiróò sójú mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, àwòrán ẹ̀ wà nílé. Kò sí ìyá tó fẹ́ ṣe ọmọ ẹ̀ ní ibi. Àmọ́ ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston ní Amẹ́ríkà, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, wọ́n wá inú ilé títí wọn ò rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ tiróò tí wọ́n rà wá láti ilé wò, nínú gíráàmù 100, ó lé ní 80 tó jẹ́ òjé. Ọmọ á fọwọ́ ra ojú, á tún fi ọwọ́ náà sẹ́nu, ọ̀nà tó gbà wọlé nìyẹn. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Bátìrì ńkọ́? Látìgbà tí iná ti ń ṣe wá báyìí, tí epo sì ti wọ́n, gbogbo ilé ló ní ínfátà, ju ìdajì ìwọ̀n bátìrì olómi yẹn lọ ló sì jẹ́ òjé. Kò burú tó bá wà nínú ike ẹ̀. Ìgbà tó bá kú ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń ké "kóńdẹ́ẹ̀mù! irin kóńdẹ́ẹ̀mù!" bá gbé e lọ. Mo ti fojú ara mi rí ibi tí wọ́n ti là á pẹ̀lú àdá lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n da ásíìdì inú ẹ̀ sílẹ̀, ó ń hó fúsẹ́fúsẹ́ lórí iyẹ̀pẹ̀ pupa, gọ́tà náà ń ṣàn lọ sínú Odò Àlá, wọ́n sì gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí bèbè odò náà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ásíìdì ló tún burú jù, torí òjé tí mo ní kì í rìn lẹ́ẹ̀kan, tí ilẹ̀ bá ti ní ásíìdì tó, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, cadmium á rìn jù ú lọ. Ní 2025, ọ̀rọ̀ Ògijò ní ìpínlẹ̀ Ògùn gba inú ìròyìn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù kí wọ́n lè rí òjé inú ẹ̀ tà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀fọ́ ẹ̀bá odò, ẹ ṣan án dáadáa, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, torí òjé tó wà lára ẹ̀fọ́, eruku àti ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ewé ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Cadmium ni omi ò lè ṣan kúrò, inú ewé gan-an ló wà.

Ọ̀rọ̀ kóńdẹ́ẹ̀mù ò tíì tán. Ní oṣù kẹsàn-án 1987, ní ìlú Goiânia ní Brazil, àwọn méjì wọ ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti pa tì, wọ́n tú irin lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ, wọ́n tà á fún oníkóńdẹ́ẹ̀mù. Oníkóńdẹ́ẹ̀mù là á, ó rí ìyẹ̀fun kan tó ń tan iná búlúù nínú òkùnkùn, ó rẹwà, ó pe ẹbí, ó pe ọ̀rẹ́, wọ́n pín in, àwọn kan fi pa ara. Caesium-137 ni. Iyọ̀ ni wọ́n fi í ṣe, bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ lára ọwọ́ tó láàgùn ló ṣe ń yọ́, ó wọ aṣọ, ó wọ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ oúnjẹ, ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan fi ọwọ́ tó fi ṣeré nínú ẹ̀ jẹ ẹyin. Èèyàn mẹ́rin kú, ọmọ náà wà nínú wọn. Wọ́n rí i lára èèyàn 249, àwọn tí wọ́n sì ní láti yẹ̀ wò lé ní 110,000. Ká ní irú èyí tí kì í yọ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò ní tàn dé ibi tó tàn dé.

Kò jìnnà sí wa náà. Ní ìparí 2002, nǹkan redióáktíìfù kan tí wọ́n fi ń wá epo nínú ilẹ̀ sọnù láàárín Warri àti Port Harcourt, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí i, ní Jámánì, láàárín irin àlòkù. Ọdún 2001 ni àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán lórílẹ̀-èdè wa, NNRA, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra irin àlòkù, tẹ́ ẹ bá rí àmì tó dà bí abẹ̀bẹ̀ alápá mẹ́ta, dúdú lórí yẹ́lò, tàbí irin kékeré kan tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ má là á. Ẹ jìnnà sí i, kẹ́ ẹ pe àwọn ọlọ́pàá tàbí ilé ìwòsàn ńlá tó bá wà nítòsí.

Àwọn olóko kòkó, ọ̀rọ̀ kàn yín díẹ̀. Láti 1 oṣù kìíní 2019 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ń yẹ cadmium wò nínú ṣokoléètì, èyí tí kòkó ẹ̀ tó ìdajì, cadmium inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju miligíráàmù 0.80 lọ nínú kílò kan. Ilẹ̀ òkè oníná tó wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló kàn jù, tiwa ò ga tó tiwọn, àmọ́ fàtílísà oní-phosphate máa ń ní cadmium nínú, ó tún ní uranium díẹ̀, tí à ń dà á sílẹ̀ lọ́dọọdún. Oògùn búlúù tí a fi ń fín kòkó torí àrùn kòkó dúdú, bàbà ló wà nínú ẹ̀, bàbà náà kì í kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ igi kòkó, ọdún tẹ́ ẹ bá ti ń fín in ló ń kó jọ síbẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má fín kòkó o. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ gbogbo èyí? Àbúrò mi obìnrin ń ṣe másítàsì nínú físíìsì ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, mo tẹ̀ lé e lọ gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rò pé wọ́n kàn máa gbé ẹ̀rọ sórí ẹ̀, wọ́n á ka nọ́ńbà, ká máa lọ. Rárá. Ó kó iyẹ̀pẹ̀ náà délé, ó sá a, ó gún un, ó sẹ́ ẹ bíi gààrí, ó dà á sínú ike, ó fi téèpù dì í pinpin, ó wá gbé e sórí pẹpẹ, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ní ṣé ó fẹ́ kan ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní radon ló ń dúró dè. Tí ike bá ń jò, radon á sá lọ, ohun tí wọ́n bá kà á kéré sí òótọ́. Ó gbọ́dọ̀ wà ní dídì títí radon inú ẹ̀ àtàwọn ọmọ tó ń bí á fi bá radium dọ́gba, ọjọ́ 28 nìyẹn gbà, kí wọ́n tó gbé e sínú òjé tó nípọn (òjé kan náà yẹn, òun ló ń dá ìtànṣán ìta dúró) tí ẹ̀rọ á máa ka ìtànṣán ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Iyẹ̀pẹ̀ ike kan, oṣù kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí iṣẹ́ wọn ò fi yá.

Ti omi yàtọ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa bu tèmi, ẹ̀yin náà lè ṣe é tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé omi yín lọ sí láàbù. Ẹ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í ṣe omi tó ti sùn nínú páìpù lẹ fẹ́. Ẹ fi omi náà fọ ìgò ike tó mọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ tó bu ún. Fún àwọn irin, wọ́n máa ń kán ásíìdì díẹ̀ sí i, àwọn láàbù ló máa ń fún èèyàn, torí òjé máa ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi á wá dà bíi pé kò ní nǹkan kan. Fún radon, ẹ kún ìgò dẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ sí afẹ́fẹ́ kankan lókè ẹ̀, ẹ dé e, kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ fún mi pé àwọn máa ń se omi, nítorí náà kò séwu. Síse máa pa kòkòrò, ẹ máa sè é, ó tún máa lé radon jáde torí gáàsì ni, kódà tẹ́ ẹ bá kàn jẹ́ kí omi dúró sínú táǹkì fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ló máa kù. Àmọ́ òjé, arsenic, uranium ò ní bá ooru lọ. Omi ló ń lọ, àwọn ló ń kù, tẹ́ ẹ bá sè é pẹ́ wọ́n á tún le sí i. Fíltà olókúta lásán ò lè mú wọn, ó ń fẹ́ irú ẹ̀rọ bíi èyí tó ń fipá ti omi gba inú awọ tínrín kan, wọ́n ń pè é ní reverse osmosis, ó sì wọ́n.

Mi ò sọ èyí kí ẹ̀rù lè máa bà yín. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ bóhóòlù wa dáa. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará Bangladesh, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ri páìpù mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ wọn má bàa máa mu omi odò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, èrò dáadáa ni, omi náà mọ́ gaara, ìgbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó mọ̀ pé arsenic wà nínú ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti tán, ìpẹtà tó di arsenic náà mú ti tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ti mu ún kó tó di pé wọ́n mọ̀. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n ń lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, wọ́n ń yẹ omi ẹ̀ wò, èyí tó bá ní arsenic wọ́n á fi ọ̀dà pupa kun ẹnu ẹ̀, èyí tí kò bá ní, wọ́n á fi ọ̀dà tútù bí ewé kun ún. Ọmọ kékeré tí kò mọ̀wé mọ èyí tó máa pọn.

Owó ńlá tí a fi ń gbẹ́ bóhóòlù, owó tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí ilé márùn-ún bá sì dá a lórí títì kan, ó tún máa fúyẹ́ sí i. Mo ti sọ ọ́ nípàdé àdúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé. Ilé mẹ́ta ló ti gbà. Màmá ẹlẹ́kọ ò ní bóhóòlù, àmọ́ àwọn ló kọ́kọ́ dá owó, wọ́n ní inú omi yẹn làwọn ń fi ògì rẹ.

Lọ́jọ́ Ajé la máa gbé àwọn ìgò náà lọ. Tí èsì bá dé, màá kọ ọ́ síbí, ìyówù kó jẹ́.